Láti Oníṣẹ́ Iná dé Aṣètò Ìmọ́lẹ̀: Ìtàn Iṣẹ́ Kan àti Orúkọ Rẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni bí iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣe ń di iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Iṣẹ́ tí mo mú ni ti àwọn tí wọ́n ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe rí nínú ilé, lára ògiri àti ní ojú títì. Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ iná. Iṣẹ́ èdè ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ní Parakou níbí, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ nílé pé iṣẹ́ yìí ni òun fẹ́ kọ́, ohun tí wọn yóò bi í ni pé, "Ṣé kí o máa so wáyà ni?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ẹ̀gàn. Ó kàn fi hàn pé iṣẹ́ náà kò tí ì ní orúkọ lẹ́nu wa ni. Iṣẹ́ tí kò bá sì ní orúkọ, ó ṣòro láti dá iye lé e, ó sì ṣòro láti gba ọmọ iṣẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. "Iná" ni à ń pe èyí tó ń jó igi. Òun náà là ń pe èyí tó wà nínú gílóòbù. Òun náà sì ni èyí tí à ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. À ń dá iná, à ń tan iná, à ń pa iná. Iná ń dé, iná ń lọ. "Ìmọ́lẹ̀" yàtọ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "ì-", ọ̀rọ̀-ìṣe "mọ́" àti ọ̀rọ̀-orúkọ "ilẹ̀" ló para pọ̀ dá a, lẹ́yìn ìpàrójẹ. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí ni pé ilẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ojúmọ́": ojú ló mọ́. Iná ni orísun. Ìmọ́lẹ̀ ni ohun tí orísun náà ṣe sí ilẹ̀ àti sí ojú. Lórí ìyàtọ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ tí mò ń sọ dúró. Oníṣẹ́ iná ń mú kí orísun ṣiṣẹ́ láìséwu. Ẹnì kejì ń ronú nípa ilẹ̀ tí yóò mọ́ àti ojú tí yóò wò ó.

Àwọn ohun èlò ìmọ́lẹ̀ máa ń bá orúkọ wọn rìn. "Fìtílà" jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò: láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Parakou pẹ̀lú jẹ́ ìlú tí àwọn oníṣòwò ń gbà kọjá láti ìgbà pípẹ́, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sì ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bá ẹrù gbà.

Lókè òkun, ní 1879 ni Thomas Edison fi gílóòbù tirẹ̀ han aráyé. Àwọn ẹnjiníà ló kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀: Illuminating Engineering Society ní New York ní 1906, lẹ́yìn náà CIE, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, ní 1913. Wíwọ̀n ló jẹ wọ́n lógún: ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó báwo ló bọ́ sórí tábìlì? Ọ̀dọ̀ àwọn onítíátà ni ìbéèrè kejì ti jáde: kí ni ìmọ́lẹ̀ náà ń sọ? Stanley McCandless, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Yale, tẹ ìwé kan jáde ní 1932 lórí bí a ṣe ń tan ìmọ́lẹ̀ sí orí ìtàgé. Ní 1935, Richard Kelly ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ ní New York.

Kelly ló ṣe ohun tó kan àwa onímọ̀ èdè: ó sọ nǹkan lórúkọ. Ní 1952 ó pín ìmọ́lẹ̀ sí mẹ́ta. Èkíní ń fa ojú lọ síbi kan ṣoṣo, bí àtùpà ìyá tó ń ta àkàrà lálẹ́. Èkejì tàn ká gbogbo ibi láìfi òjìji sílẹ̀, bí àárọ̀ ọyẹ́. Ẹ̀kẹta ń dán yinrinyinrin, bí oòrùn lójú omi. Láti ìgbà náà, ayàwòrán ilé àti ẹni tó ń ronú ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ lè fi bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n parí ilé Seagram ní 1958, èyí tí Kelly bá Mies van der Rohe àti Philip Johnson ṣe, gbogbo ilé náà dà bí fìtílà ńlá lóru. Ní 1969 ni wọ́n dá IALD, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, sílẹ̀. Àwọn ará Faransé dá tiwọn, ACE, sílẹ̀ ní 1995.

Òfin kan wà nínú IALD tó yẹ kí a kíyè sí: ọmọ ẹgbẹ́ tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ kò gbọdọ̀ máa jèrè lórí títa àtùpà. Ìdí rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó ń ta gílóòbù yóò fẹ́ kí o ra mẹ́wàá. Ẹni tí o sanwó fún nítorí ìmọ́lẹ̀ lè sọ fún ọ pé mẹ́rin ti tó.

Ní tiwa, ìtàn náà gba ọ̀nà mìíràn. Ìdídò Akosombo ní Gánà parí ní 1965. Ní 1968, Bẹ̀nẹ̀, tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, àti Tógò jọ dá CEB sílẹ̀, iná Akosombo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1972. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni "Ṣé iná wà?", ọ̀rọ̀ Faransé náà "délestage" sì di ọ̀rọ̀ ilé. Iṣẹ́ wáyà gbilẹ̀: ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ń ṣe àṣeyẹ òmìnira tí à ń pè ní "libération", ó sì ń wọ ẹgbẹ́. Ètò tó dúró dáadáa ni. Ohun tó kù níbẹ̀ ni ìbéèrè kejì.

Ẹ má rò pé ìbéèrè kejì jẹ́ ti olówó nìkan. Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso tó gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2022, tó sì ya àwòrán Ilé Aṣòfin tuntun ní Porto-Novo, lo ìkòkò amọ̀ fún ilé ìkàwé ní abúlé rẹ̀, Gando. Àwọn obìnrin abúlé kó ìkòkò wá, wọ́n gé ìdí wọn, wọ́n sì mọ wọ́n sínú òrùlé, kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Kò sí wáyà kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹnì kan ti ṣètò ìmọ́lẹ̀.

Orúkọ wo ni kí a wá pe ẹni bẹ́ẹ̀? Àwọn elédè Faransé ní "éclairagiste", wọ́n sì tún ní "concepteur lumière". Ní Yorùbá, "oní-" sábà máa ń tọ́ka sí ohun tí ènìyàn ní tàbí tó ń tà: oníṣu, aláṣọ. Òótọ́ ni pé ó máa ń wà lára orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ náà, bí onídìrí. Ṣùgbọ́n "a-" ń tọ́ka sí ẹni tó ń ṣe nǹkan: akọ̀wé, agbẹ́gilére, ayàwòrán. Nítorí náà "aṣètò ìmọ́lẹ̀" ni mo dábàá. Mófíìmù kékeré yẹn ti sọ ohun tí òfin IALD ń sọ: pé kì í ṣe ọjà ni a ń sanwó fún.

N kò fi èyí rẹ oníṣẹ́ iná sílẹ̀. Láti inú ṣọ́ọ̀bù wọn ni ọ̀pọ̀ aṣètò ìmọ́lẹ̀ wa yóò ti jáde. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe ni pé kí wọ́n lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ní àyíká ọjà Arzèkè, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò sílẹ̀, ní Yorùbá, ní Dendi, ní Baatonum. Kí wọ́n tún kó àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé wa jọ: yòò, bàìbàì, kedere, yinrinyinrin. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń ka wáàtì. Ohun tí ojú rí ni gbogbo wọn ń sọ. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, yóò rí ìdáhùn fún àwọn ará ilé rẹ̀, yóò sì mọ ohun tí yóò kọ sórí ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀.