Ẹ̀sùn Lílù ní Ilé Ìtọ́jú Àwọn Alárùn Ọpọlọ

Ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn dá ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ Yábàá sílẹ̀; ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní Òṣòdì, nítòsí Apákùn. Títi aláìsàn mọ́lé ló jẹ òfin 1916 àti ti 1958 lógún ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch tú àṣírí ìdè àti ẹgba ní àwọn ibùdó ìtọ́jú kan ní Nàìjíríà. Òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023 rọ́pò ti 1958.

Síbẹ̀, bí aláìsàn bá ní wọ́n na òun, ọ̀pọ̀ ṣì ń pè é ní ọ̀rọ̀ wèrè. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ni. Kí a kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, kí a sì gbọ́ tẹnu olùfisùn àti ẹni tí a fẹ̀sùn kàn.