Ìdí Tí Ìrẹsì Àdàlù Fi Ń Yàgàn

Bí akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá gun abo ẹṣin, ìbaaka ni yóò bí. Ìbaaka lágbára, ṣùgbọ́n kì í sábà bímọ. Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni ó dí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń wá ìrẹsì tí yóò wúlò fún àwọn àgbẹ̀ bí ti Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside.

Ìrẹsì méjì ni à ń gbìn ní ayé. Àwọn àgbẹ̀ àfonífojì odò Ọya, ní ilẹ̀ Màlì òde òní, ni wọ́n sọ ti Áfíríkà di ohun ọ̀gbìn ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ó máa ń bo koríko mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ máa ń gbọ̀n dànù kí ọjọ́ ìkórè tó pé. Ti Éṣíà, tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, ni ó máa ń so jù. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, ọmọ wọn a dàgbà, a yọ òdòdó, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú akọ inú òdòdó náà a kú.

Jíìnì, èyí tí òbí fi ń ta àtaré ìwà fún ọmọ, ni ó fà á. Okùn 12 ni jíìnì ìrẹsì tò sí. Lórí ìkẹfà ni ibi tí à ń pè ní S1 wà. Ti Áfíríkà níbẹ̀ dà bí orogún tí ó bu májèlé sí ìkòkò ọbẹ̀ ilé, tí ó sì fún ọmọ tirẹ̀ nìkan ní ẹ̀rọ̀. Lẹ́búlẹ́bú tí ó bá jogún ti Éṣíà a ṣègbé. S1 nìkan kọ́ ni ó ń ṣe èyí, ṣùgbọ́n òun ni ó le jù.

Ní 1991, Monty Jones, ọmọ ilẹ̀ Sàró, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀ràn náà ní ibùdó WARDA, ní Bouaké. Nítorí pé ìhà abo òdòdó kò kú tán, wọ́n da lẹ́búlẹ́bú òbí ti Éṣíà sí ọmọ náà lára lẹ́ẹ̀mejì, títí ó fi so. Báyìí ni NERICA ṣe dáyé. Nàìjíríà gba NERICA 1 wọlé ní 2003, ó sì sọ ọ́ ní FARO 55. Jones gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2004.

Ní 2017, àwọn onímọ̀ Ṣáínà ba jíìnì kan jẹ́ ní S1, ìyàgàn tí ó ń fà sì kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí sùúrù ti ṣe ṣáájú ni ìmọ̀ wá ṣàlàyé.