Ẹ̀yìn Odi Èkó: Bí Àwọn Akọ̀wé Ṣe Ṣí Kúrò ní Erékùṣù

Ọ̀rọ̀ tí a ní ní èdè wa fún ìlú àti ohun tí ó yí i ká kò kéré. A ní ìlú, a ní oko, a ní abúlé, a ní ahéré, a sì ní ẹ̀yìn odi. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wá a tó, n kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó bá ibi tí àwọn akọ̀wé Èkó ń gbé mu gan-an: ibi tí kì í ṣe ìlú tán, tí kì í sì í ṣe oko, tí ènìyàn ń sùn sí lálẹ́, tí ó sì ń sá kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgbèríko ni àwọn kan ń pè é. Ẹ̀yin olùkọ́ wa lè ní èyí tí ó sàn jù ú lọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣọ̀wọ́n kò ṣòro láti mọ̀. Láyé àwọn baba wa, inú ìlú ni ilé wà, ẹ̀yìn odi ni iṣẹ́ wà. Àgbẹ̀ a jí, a gba ẹnubodè lọ sí oko. Bí oko bá jìnnà, a kọ́ ahéré síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá dé, tàbí bí ẹnìkan bá kú nínú ẹbí, ilé ni yóò padà sí. Bí o bá bi í pé níbo ni ilé rẹ̀, kò jẹ́ dárúkọ ahéré fún ọ. Èkó ni ó dojú ètò yìí dé. Ó fi iṣẹ́ sí àárín ìlú, ó sì lé oorun lọ sí ẹ̀yìn odi. Bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a óò gba oyè láìpẹ́ ni yóò máa wá ilé kiri ní Èkó, tí a ó sì rò pé àwa ni a kọ́kọ́ rí irú ìyọnu bẹ́ẹ̀.

Erékùṣù Èkó kò tóbi. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́dọ̀ ọba. Àwọn Sàró tẹ̀dó sí Olówógbowó. Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà wá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn sí Pópó Àgùdà. Ní 1867, àwọn Ẹ̀gbá dìde sí àwọn òyìnbó ìjọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n lé wọn jáde, èyí ni a ń pè ní Ìfọ́lé. Àwọn onígbàgbọ́ tí ó bá wọn sá wá sí Èkó ni Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, fún ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ní òdìkejì ọ̀sà. Mo fẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: àwọn tí ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sí òdìkejì omi lọ́nà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe akọ̀wé tí ó ń wá atẹ́gùn tútù. Ìsáǹsá ni wọ́n.

Ojú irin àti afárá ni ó sọ ibẹ̀ di ibùgbé òṣìṣẹ́. Ní 1901 ni ojú irin dé Ìbàdàn, ọdún kan náà sì ni afárá Carter so erékùṣù mọ́ Ìddó. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba lè sùn ní òdìkejì omi báyìí kí ó sì dé ẹnu iṣẹ́ láì wọ ọkọ̀ ojú omi.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ènìyàn púpọ̀ ní àwọn àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ra. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ṣe dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB. Wọ́n wó ilé ní Oko Awo, wọ́n sì la òpópónà tí ó tọ́ gbọnrangandan sí Yàbá. Igbóbì College bẹ̀rẹ̀ ní itòsí ibẹ̀ ní 1932. Wọ́n ṣí Yaba Higher College ní 1934. Láti ìgbà náà ni Yàbá ti di ibi tí akọ̀wé, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ń wá ilé sí, nítorí pé ọmọ wọn lè kàwé láì kọjá afárá.

Ìkòyí tún yàtọ̀. Ipadò MacGregor là á kúrò lára erékùṣù, àwọn òyìnbó ni wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún. Akọ̀wé dúdú, bí ó ti wù kí ìwé rẹ̀ pọ̀ tó, kò lè yan Ìkòyí. Ẹ̀yìn ìgbà tí ilé ìtura Bristol kò gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba aláwọ̀ dúdú tí ó ti London wá, ní 1947, tí ariwo sọ jákèjádò ìlú, ni ìlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí ṣí díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n Sùúrùlérè ni ọ̀rọ̀ mi dá lé jù. Ní 1955, LEDB bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó ju ti Oko Awo lọ fíìfíì: ilẹ̀ 70 éékà ní àárín erékùṣù ni wọ́n fẹ́ wó ilé orí rẹ̀ kí wọ́n tún un tò. Òmìnira ń bọ̀, ìjọba kò sì fẹ́ kí àlejò rí páànù jíjẹrà ní olú-ìlú. Wọ́n kó àwọn tí ilé wọn wó lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà mọ́, owó rẹ̀ kò sì ga. Peter Marris lọ bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí láti ilé dé ilé, ó sì tẹ ìwé lórí wọn jáde ní 1961. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rí i pé kì í ṣe ògiri nìkan ni wọ́n wó. Ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ nínú ilé wọ̀nyẹn, níbi tí ìyá arúgbó ti ní yàrá láì sanwó, tí ọmọ àbúrò ń fi kọ́bọ̀ díẹ̀ sí i lọ́wọ́ láàárọ̀ bí ó ti ń kọjá. Nígbà tí a tú wọn ká, owó ọkọ̀ wọ àárín wọn. Oníṣòwò tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní erékùṣù ń jókòó ti ọjà rẹ̀ ní Sùúrùlérè láìrí ẹni tí ó béèrè iye rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni LEDB tún kọ́ ilé fún àwọn tí ó lówó díẹ̀ lọ́wọ́ láti rà. Àwọn akọ̀wé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó fẹ́ràn ibẹ̀, nítorí ohun kan náà tí àwọn arúgbó fi ń sunkún: ìbátan kò lè ya ibẹ̀ nígbà gbogbo. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí àlejò mọ iye tí yàrá kan tọ́ sí. Síbẹ̀, mo ti ronú púpọ̀ lórí orúkọ àdúgbò náà. Sùúrù ta ni? Èrè ta ni?

Àwọn tí owó wọn kò tó Yàbá tàbí Sùúrùlérè gba Mushin lọ. Láti 1954 ni wọ́n ti ya Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, Mushin àti Ìkẹjà sì wà lábẹ́ ìjọba Ìbàdàn títí di 1967. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ Èkó lè jẹ́ ará ìpínlẹ̀ mìíràn lálẹ́. LEDB kò ní àṣẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ kékeré kọ́ ilé bí agbára rẹ̀ ti mọ, ó sì kó ayálégbé sí i. Àwọn ọlọ́gbọ́n ń fi ojú tín-ín-rín wo Mushin, ṣùgbọ́n lójú tèmi, níbẹ̀ ni òtòṣì ti ní àǹfààní jù lọ láti di onílé.

Lónìí àlà náà ti sún síwájú gan-an. Láti ìgbà tí afárá Third Mainland ti parí ní 1990, Ìkòròdú ti di ẹ̀yìn odi Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi, oníṣirò owó ní erékùṣù, ń gbé ibẹ̀. Aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ó ń jáde. Ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ń pè mí ní bàbá lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, nítorí ohùn wa jọra, ohùn nìkan ni ó sì mọ̀ dáadáa lára bàbá rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ń rò ó báyìí bóyá kí wọ́n kó lọ sí Àgbàdo, nítorí ọkọ̀ ojú irin tí ìjọba Èkó fi bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí ọkọ̀ náà ń já èrò sí. Oyíngbò ni, ní ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ń lọ sí erékùṣù gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀ mìíràn kọjá afárá.