Ohùn Ọ̀rọ̀ àti Ohùn Orin: Láti Iga Ìdúngánrán dé Agbo Ijó

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni àwọn àgbà ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó kan àwọn tí ń ṣe orin ijó pẹ̀lú.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin mú orin ìgbéyàwó kan wá fún mi gbọ́. Ìyàwó ni ó yẹ kó máa ki ọkọ rẹ̀ nínú orin náà, ṣùgbọ́n ohùn já wálẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, “ọkọ mi” sì di “ọkọ̀ mi”. Ó dà bí ẹni pé mọ́tò ni ìyàwó ń kí! Nígbà tí mo bi í ní ìdí, ó ní kọ́ọ̀dù ló pè é bẹ́ẹ̀. Ó wá bi mí bóyá kí òun kọ́ tíọ́rì orin, tàbí kí òun jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Mo ní kí ó jẹ́ kí á fi ọkàn rìn láti Iga Ìdúngánrán lọ sí Marina, nítorí pé ìdáhùn wà lójú ọ̀nà.

Iga Ìdúngánrán ni ààfin Ọba Èkó. Ìtàn ní orí ilẹ̀ oko ata Arómirẹ ni ó dúró sí. Gbẹ̀du ni ìlù ọba. Orin ìbílẹ̀ tí a ń gbọ́ ní àyíká Iga, títí kan ti Ẹ̀yọ̀, kò gbára lé kọ́ọ̀dù, ìyẹn àkópọ̀ ohùn tí ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, kì í ṣe orin aláìlófin. Òfin rẹ̀ ni pé bí ohùn ọ̀rọ̀ bá ṣe lọ ni kí ohùn orin tẹ̀ lé e.

Ní Marina, òfin mìíràn ti wà nílẹ̀. Thomas Ekundayo Phillips kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1911 sí 1914. Láti 1914 títí di 1962, òun ni ó ń tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ. Ó sì tẹ ìwé Yoruba Music jáde ní 1953. Ìṣòro tí ó wà níwájú àwọn irú rẹ̀ kò kéré. Òfin òyìnbó fẹ́ràn kí ohùn kan máa gòkè nígbà tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akọrin méjì bá ń pe ọ̀rọ̀ kan náà, tí ọ̀kan gòkè tí èkejì sọ̀, ọ̀kan ń pe ọkọ́, èkejì ń pe ọkọ̀.

Àwọn olórin ijó ni wọ́n rí ọ̀nà àbáyọ. Tunde King, ọmọ Olówógbowó, gba orin jùjú sílẹ̀ sínú àwo ní 1936. Bobby Benson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi fèrè ṣe háíláìfù lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹnu, wọ́n sì fi kọ́ọ̀dù fún gìtá àti fèrè, tí kò ní ọ̀rọ̀ tí ó lè bàjẹ́. Ẹ wo kọ́ọ̀dù mẹ́ta tí wọ́n lò jù: dò-mí-sọ, fá-lá-dò, sọ-tí-re. Bí a bá kó wọn pọ̀, ohùn méjèèje ló pé sínú wọn. Nítorí náà, ibikíbi tí ọ̀rọ̀ bá gbé akọrin lọ, kọ́ọ̀dù kan wà tí yóò gbà á lálejò.

Fela Anikulapo-Kuti náà lọ sí Trinity College ní 1958. Ṣùgbọ́n nígbà tí afrobeat rẹ̀ dàgbà ní àwọn ọdún 1970, orin gígùn a máa jókòó sórí kọ́ọ̀dù kan tàbí méjì, kí ìlù àti ọ̀rọ̀ lè ráyè. Ẹni tí ó mọ òfin ni ó mọ èyí tí ó yẹ kí á fi sílẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Sọ ni ohùn rẹ̀ wà nígbà tí kọ́ọ̀dù kúrò ní dò-mí-sọ bọ́ sí sọ-tí-re. Ó sáré já sí re. Mo ní, “Ṣé o kò rí i pé sọ wà nínú méjèèjì ni? Dúró síbẹ̀, kí kọ́ọ̀dù yí lábẹ́ rẹ.” Ó dúró. Ìyàwó sì kí ọkọ rẹ̀.

Àìtó ìmọ̀ tíọ́rì ni ó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ìmọ̀ tí ó kún sí i ni ó sì tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, kí wọ́n gbọ́ bí ó ti ń gòkè tí ó ń sọ̀, kí wọ́n tó wá kọ́ọ̀dù fún un. Láti Iga ni kí á ti gbéra lọ sí Marina. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti Marina, tí kò sì dé Iga, orin rẹ̀ lè dùn létí, ṣùgbọ́n a kò ní mọ ohun tí ó ń wí.