Bí Omi Ṣe Ń Mú Ẹ̀rọ Ọkọ̀ Tutù ní Ọ̀sà Abidjan

Àwọn àgbà a máa sọ pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí omi kò tilẹ̀ ní ọ̀tá, òun fúnra rẹ̀ a máa ṣe ọ̀tá irin, pàápàá bí iyọ̀ bá wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ìlú tí ọ̀sà Ébrié là já, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ti fìdí kalẹ̀ sí láti ọjọ́ pípẹ́. Omi ọ̀sà yìí ni ń mú ẹ̀rọ àwọn ọkọ̀ tí ń kó èrò kọjá níbẹ̀ tutù. Omi kan náà ni ń bà á jẹ́. Ìjà tí ó wà láàrin iyọ̀ àti irin ti bẹ̀rẹ̀ kí Abidjan tó di ìlú ńlá.

Nígbà tí àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ òkun, ooru omi ni ń yí i. Wọn a bu omi òkun sínú ìkòkò irin ńlá, wọn a dáná sí i nídìí, ooru tí ó bá jáde níbẹ̀ a sì máa ti ẹ̀rọ. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ìkòkò tí a fi se omi iyọ̀ gbẹ kò ṣàjèjì sí ìyálé ilé kankan: iyọ̀ a kù sí ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èépá iyọ̀ ń lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò ọkọ̀, tí kì í jẹ́ kí iná ràn dé inú omi mọ́, títí irin yóò fi pọ́n, tí yóò sì fẹ́ bẹ́. Ní ọdún 1834, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Hall, gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n tuntun. Omi aláìníyọ̀ ni ó ní kí ó wà nínú ìkòkò. Kí ooru rẹ̀ gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, kí omi òkun sì máa ṣàn lẹ́yìn páìpù náà. Òtútù òkun yóò sọ ooru di omi padà, omi méjèèjì kò sì ní fara kanra. Ọkọ̀ Sirius lo ọgbọ́n yìí nígbà tí ó la òkun Àtìláńtíìkì kọjá ní ọdún 1838.

Láti ìgbà náà ni òfin kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn amọṣẹ́: kí a yá òtútù òkun lò, kí a má sì jẹ́ kí iyọ̀ rẹ̀ wọlé. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń jẹ epo dísẹ́ẹ̀lì dé, tí ọkọ̀ Selandia ti ilẹ̀ Denmark fi í rin òkun jíjìn ní ọdún 1912, òfin náà kò yí padà. Nínú ooru epo tí ẹ̀rọ ọkọ̀ kékeré bá jó, díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ ni ń di agbára. Èéfín ń gbé apá kan ìyókù lọ, omi ń gbé apá kejì. Bí omi kò bá gbé tirẹ̀, irin yóò wú, yóò há, ẹ̀rọ yóò sì kú. Nítorí náà ni omi aláìníyọ̀ fi ń yí po nínú ẹ̀rọ, tí pọ́ǹpù mìíràn sì ń fa omi òkun gba inú asẹ́ wọlé. Inú àpótí kan tí ó kún fún páìpù wẹ́wẹ́ ni wọ́n ti ń pàdé: omi òkun a gba inú páìpù, omi ẹ̀rọ a gba ẹ̀yìn rẹ̀.

Nínú àpótí yìí ni a tún ń fi èèkàn síǹkì sí. Humphry Davy ni ó fi hàn ní ọdún 1824 pé bí a bá so síǹkì tàbí irin mọ́ bàbà nínú omi òkun, àwọn wọ̀nyí ni iyọ̀ yóò máa jẹ, yóò sì fi bàbà sílẹ̀. Síǹkì náà ni a fi ń gba orí bàbà sílẹ̀.

Ní Abidjan, a mọ ọdún tí iyọ̀ rí ọ̀nà gbòòrò gbà wọlé. Ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ya ọ̀sà Ébrié nípa sí òkun. Grand-Bassam, níbi tí odò Comoé ti ń wọ òkun, ni ẹnu rẹ̀ wà, lápá ìlà-oòrùn. Àwọn Faransé gbìyànjú láti gbẹ́ ọ̀nà omi mìíràn ní Port-Bouët láàrin ọdún 1904 sí 1907, ṣùgbọ́n iyanrìn dí i pa. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní Vridi ní ọdún 1936. Ọdún 1950 ni òkun àti ọ̀sà tó pàdé níbẹ̀. Ọ̀nà omi náà gùn ju kìlómítà méjì àbọ̀ lọ. Wọ́n ṣí èbúté ní ọdún 1951, ọkọ̀ ńlá sì ń wọlé dé ẹsẹ̀ ìlú. Ọrọ̀ Abidjan gbòòrò láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí ọrọ̀ gbà wọlé ni iyọ̀ náà gbà wọlé.

Láti ìgbà náà, omi méjì ni ọ̀sà ń gbé lọ́dọọdún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a jọba. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké oníkarawun a lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ àti ẹnu páìpù tí ń fa omi. Ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá, odò Comoé a kún, iyọ̀ a dín, ẹrọ̀fọ̀ àti ewéko a sì dé. Yorùbá a máa fi ojú oró àti òṣíbàtà súre pé kí ènìyàn lékè. Ṣùgbọ́n ewéko kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí ó jọ ojú oró, lékè lórí ọ̀sà yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dí asẹ́ ọkọ̀ pa. Bí iyọ̀ bá padà, ewéko náà a kú, a jẹrà, ìdọ̀tí rẹ̀ a sì tún wọ páìpù.

Ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ SOTRA fi ọkọ̀ èrò sí orí ọ̀sà. Láti ọdún 2017 ni àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Olùtọ́jú ọkọ̀ tí ó mọṣẹ́ a máa ṣí asẹ́ wò kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, a wò bóyá omi ń tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀. A pààrọ̀ síǹkì nígbà tí iyọ̀ bá ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. A pààrọ̀ rọ́bà tí ń yí nínú pọ́ǹpù kí ó tó ya, nítorí bí ó bá yí ní gbígbẹ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti bàjẹ́. Omi tí a po mọ́ oògùn adènà ìpẹtà ni a ń dà sínú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá gbóná jù, a kì í da omi tútù lù ú, kí irin má baà là. A ń pa á, a ń dúró. Omi ọ̀sà ń gba inú ẹ̀rọ kékeré tí àwọn apẹja ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ wọn tààrà. Nítorí náà, omi mímọ́ ni a fi ń fọ inú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

Bí asẹ́ kan bá dí, ọkọ̀ tí ó kún fún èrò lè dúró lójú ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ ńlá tí kò lè tètè yà ti ń kọjá lọ sí èbúté. Ìtàn a máa rántí àwọn tí ó gbẹ́ ọ̀nà Vridi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn parí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ẹni tí ń fi ọwọ́ ko ewéko kúrò nínú asẹ́ ní òwúrọ̀ kì í parí, òun ni ẹ̀rọ sì fi ń yè, tí èrò fi ń gúnlẹ̀ láyọ̀.