Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládìpọ̀ Akínkùgbé (1933–2020): Olùwádìí Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Àrùn Kíndìnrín

Ọládìpọ̀ Olújìmí Akínkùgbé jẹ́ oníṣègùn àti olùwádìí ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín. Ìlú Oǹdó ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1933. Ó papòdà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2020. A kọ ọ́ sínú àkójọ wa nítorí pé ogún Yorùbá kò mọ sórí oríkì, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ìtàn ọba. Ìmọ̀ tí ọmọ wa wá rí nípa ara èèyàn wa náà jẹ́ ogún. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè Faransé sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ fi kàwé.

Ẹ̀kọ́ àti ipò

Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti gboyè oníṣègùn ní 1958. Ní 1964 ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Oxford, níbi tí George Pickering, àgbà olùwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru, ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà náà. Ó padà sí Ìbàdàn, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ní 1968. Òun ni gíwá àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin, lẹ́yìn náà ó ṣe gíwá ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria.

Kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ríru

Iṣẹ́ kíndìnrín ni láti sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí ó da ìdọ̀tí àti omi tí ara kò fẹ́ sínú ìtọ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá dínkù, yóò tú èròjà kan tí à ń pè ní renin jáde. Renin ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí angiotensin fi ń jáde nínú ẹ̀jẹ̀. Angiotensin máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì ń mú kí ara di iyọ̀ àti omi mú, ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò bá gòkè. Bí ó bá pẹ́ tí ìfúnpá ti ga, àwọn iṣan tíńtìntín inú kíndìnrín yóò bàjẹ́. Kíndìnrín tó bàjẹ́ yóò sì tún mú kí ìfúnpá ga sí i.

Ibí yìí ni Akínkùgbé ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1966, òun àti Brown àti Cranston tẹ ìwádìí jáde lórí bí angiotensin ṣe ń ṣiṣẹ́ lára kíndìnrín ehoro.

Ṣé àrùn òyìnbó ni?

Ní 1929, dókítà kan tó ń jẹ́ Donnison kọ̀wé láti Kẹ́ńyà pé òun kò rí ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin nǹkan bí 1,800 aláìsàn ọmọ ilẹ̀ náà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àrùn náà kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú. Akínkùgbé kò fi ẹnu lásán jiyàn. Òun àti Òjó, akẹgbẹ́ rẹ̀, wọn ìfúnpá àwọn ará oko àti ará ìlú ní Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1969: bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀ ni ìfúnpá ń gòkè, lóko àti ní ìlú. Ní 1972 ó tẹ ìwé High Blood Pressure in the African jáde.

Ó tún jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ṣe ìwádìí jákèjádò Nàìjíríà, tí wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1997. Ìdá 11.2 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ni wọ́n rí pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ kíyè sí i pé 160/95 ni òṣùwọ̀n tí wọ́n lò. Òṣùwọ̀n tó wọ́pọ̀ lóde òní ni 140/90, nítorí náà ọ̀pọ̀ tí a ó kà mọ́ aláìsàn lónìí ni wọn kò kà nígbà náà.

Ohun tó kàn wá ní ìhà ìhín

Ní 2010, àwọn olùwádìí fi hàn pé àyípadà méjì nínú jíìnì APOL1 ń mú kí àrùn kíndìnrín tètè mú ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn tí wọ́n yẹ̀ wò, àti láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Àyípadà kan náà ló ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ oríṣi kòkòrò kan tó ń fa àrùn oorun. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà kò pín ohun tí a jogún nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí àwọn dókítà wa ń pè ní “tension”, kì í sábà fi ara hàn títí yóò fi ba kíndìnrín, ọkàn tàbí ọpọlọ jẹ́. Wíwọ̀n nìkan ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ohun tí Akínkùgbé ṣe lóko àti ní ìlú nìyẹn, òun náà ló sì yẹ kí gbogbo àgbàlagbà nínú ẹgbẹ́ wa ṣe ní ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ wọn.