Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìjà Òṣèlú, Òfin Ilé àti Ojúṣe Ará Ìlú nínú Ìtàn Ìbàdàn

1.0 Ìfáàrà

Ní àárín ìlú Ìbàdàn àtijọ́, àwọn kan ń ti Bẹẹrẹ bọ̀, àwọn kan ń ti Bẹ́yẹrúnká bọ̀, àwọn mìíràn ń sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó, Ọjà'ba kan náà ni gbogbo wọn sì ń ná. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó gba ọ̀nà Bẹẹrẹ kò ní láti bá ẹni tí ó gba ọ̀nà Bẹ́yẹrúnká jà. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni pé kí ó tú ọjà ká nítorí pé ọ̀nà tirẹ̀ kọ́ ni èrò pọ̀ sí.

Òwe yìí ni a fẹ́ fi yẹ ìtàn òṣèlú Ìbàdàn wò nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó ṣokùnfà iṣẹ́ náà kò ju gbólóhùn kan lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra kọ ọ́ sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé, "Alátakò ni ẹni tí kò fẹ́ kí ìjọba ṣe àṣeyọrí." Mo fa ìlà sí i lábẹ́. Lẹ́yìn èyí ni mo rántí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà. Bí olùkọ́ bá gbà pé ọ̀tá ni alátakò, kí ni ọmọ ìwé rẹ̀ yóò gbà nígbà tí ó bá tó ìbò dì?

Èrò wa ni pé àríyànjiyàn kì í pa ìlú. Ohun tí ó ń sọ ìjọba di aláìlèrìn ni kí àwọn tí ń jiyàn kúrò nínú ilé tí a kọ́ fún iyàn, tàbí kí wọ́n sọ òfin tí ó ń darí iyàn náà nù. Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta ni a ó gbé yẹ̀ wò: ìgbà Adélabú, ọdún 1962, àti ọdún 2005 sí 2006. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo Amẹ́ríkà, níbi tí a ti yá ìlànà ìjọba wa, a ó sì padà sí Màpó.

2.0 Adélabú: Alátakò tí ó Dúró nínú Ilé

Nígbà ìdìbò ọdún 1951 sí Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Ìbàdàn dá sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ibadan People's Party, ni ó gba gbogbo àyè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó jẹ́ ti Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí púpọ̀ nínú àwọn mẹ́fà náà fi lọ dara pọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Gbàdàmọ́sí Adégòkè Adélabú kò bá wọn lọ. Ó dúró sínú NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ. Lójú ọ̀pọ̀ ará ìlú, ẹni tí a fi ìbò rán níṣẹ́ tí ó wá yí ọ̀nà padà láìbi ẹni tí ó rán an ti da àdéhùn. Ìbínú yìí wà lára ohun tí Adélabú fi kó àwọn mọ́gàjí àti àwọn mẹ̀kúnnù jọ sínú Mábọlájẹ́, ẹgbẹ́ tí ó bá NCNC ṣe ọ̀kan.

Ní ọdún 1954, Mábọlájẹ́ borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn, Adélabú sì di alága. Ní ọdún 1955 ó tún di mínísítà nínú ìjọba àpapọ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan ni ó ń darí ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, ẹgbẹ́ mìíràn sì ni ó ń darí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, inú ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì sì wà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Nicholson kalẹ̀ láti yẹ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú wò. Lẹ́yìn ìwádìí náà, Adélabú fi ipò mínísítà sílẹ̀, a sì tú ìgbìmọ̀ ìlú ká ní ọdún 1956. Àwọn kan sọ pé ìwà àjẹbánu ni a gbógun tì, àwọn mìíràn ní ọgbọ́n òṣèlú lásán ni. Ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì sí wa ni ìgbésẹ̀ tí Adélabú gbé lẹ́yìn èyí. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn olùdìbò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1956 wọ́n dìbò fún un, ó sì wọ Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn alátakò. Ẹnu rẹ̀ mú, ó sì mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì lò. Gbólóhùn "peculiar mess" tí ó sọ ni àwọn ará Ọjà'ba sọ di "pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì", orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí di òní. Ó bú ìjọba, ìjọba náà sì dá a lóhùn, ṣùgbọ́n inú ilé ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò dúró. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀rí nìyí pé alátakò tí ó le kì í dènà iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958, Adélabú kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní Òde Rẹ́mọ. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Kò yẹ kí a gbójú fo èyí. Nígbà tí ẹni tí ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nínú ilé kò sí mọ́, ọ̀pọ̀ rò pé kò sí ilé mọ́ fún àwọn.

3.0 Ọdún 1962: Ọjọ́ tí Àga Di Ohun Ìjà

Ìjà ti ọdún 1962 kò bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjì. Inú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fúnra rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, láàárín Awólọ́wọ̀ tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá tí í ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù karùn-ún, ọmọ ilé 66 fọwọ́ sí ìwé kan pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Lórí ìwé yìí ni Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, fi yọ Akíntọ́lá, tí ó sì fi Alhaji Dauda Adegbenro sí ipò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, ilé pé jọ ní Agodi láti dìbò lórí ọ̀ràn náà. Àwọn kan kò jẹ́ kí ìbò wáyé. Wọ́n ju àga, wọ́n da tábìlì wó, wọ́n sì fọ́ ọ̀pá àṣẹ. Àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, wọ́n sì ti ilé pa. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìṣèjọba pàjáwìrì, ó sì fi Dókítà Moses Majẹkodunmi ṣe alákòóso gbogbo ẹkùn náà. Láti ìgbà náà títí di òpin ọdún, Ìwọ̀-Oòrùn kò ní aṣòfin kankan tí ó ń ṣiṣẹ́.

Àbùkù tí ó tún tẹ̀ lé e burú ju àga jíjù lọ. Akíntọ́lá padà sórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1963. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé Gómìnà kò ṣẹ̀ sí òfin nígbà tí ó yọ ọ́. Kí ni ilé aṣòfin ṣe? Wọ́n yí òfin padà, wọ́n sì fi ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí ìdájọ́ náà má baà ní agbára. Nígbà tí ará ìlú bá ti rí i pé a lè yí òfin ayò padà lẹ́yìn tí a ti ta ayò tán, kò sí ohun tí yóò mú un gba èsì ìdìbò gbọ́. Ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 fi èyí hàn. "Wẹ́tìẹ̀" gba ìgboro kan, a ń da epo sí ilé àti sí ènìyàn lára, a sì ń dáná sun wọ́n. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba.

4.0 Ọdún 2005 sí 2006: Ọmọ Ilé 18 nínú 32

Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí ó jọ ọ́ tún ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà, PDP, ni Gómìnà Rashidi Ladọja àti Olóyè Lamidi Adedibu, tí ó jẹ́ baba ìsàlẹ̀ nínú òṣèlú Ìbàdàn, wà. Ìjà àárín àwọn méjèèjì pín ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sí méjì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2005, ọmọ ilé 18 nínú 32 lọ jókòó ní ilé ìtura kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò láti yọ gómìnà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2006, wọ́n kéde pé àwọn ti yọ ọ́, a sì búra fún igbákejì rẹ̀.

Apá 188 nínú ìwé òfin ọdún 1999 béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 kò lè dín ní 22. Ìṣirò ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni èyí, síbẹ̀ ó gba nǹkan bí oṣù mọ́kànlá àti ilé ẹjọ́ mélòó kan kí ó tó yanjú. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2006, Ilé Ẹjọ́ tí ó Ga Jù Lọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé yíyọ náà kò bófin mu. Ladọja padà sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún náà ti fi ọdún kan gbáko wo ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀.

5.0 Ohun tí a Yá ní Amẹ́ríkà

Láti ọdún 1979 ni a ti ń lo irú ìlànà ti Amẹ́ríkà: ààrẹ tàbí gómìnà ní apá kan, aṣòfin ní apá kejì, tí ẹnì kan kò sì lè ná owó láìsí ẹnì kejì. Ní Amẹ́ríkà, bí àwọn aṣòfin kò bá fohùn ṣọ̀kan lórí owó, púpọ̀ nínú ilé iṣẹ́ ìjọba yóò tì. Ó ṣẹlẹ̀ fún ọjọ́ 35 láti òpin ọdún 2018 wọ ọdún 2019, lórí ọ̀ràn odi ẹnubodè. Ó tún ṣẹlẹ̀ fún ọjọ́ 43 ní ọdún 2025, nígbà tí ìwé owó kò rí ohùn 60 nínú 100 tí ó nílò ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò dá sí ìjà náà ni kò gba owó oṣù.

Kò sí ohun ìyìn nínú èyí. Èrò tèmi ni pé ẹgbẹ́ méjèèjì ní ilẹ̀ náà ti ń ka ìṣubú ara wọn sí èrè. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn jàǹdùkú ya wọ ilé aṣòfin wọn kí a má baà parí kíka ìbò ààrẹ. Àwọn aṣòfin sá àsálà fún ẹ̀mí wọn, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an wọ́n padà sínú ilé, wọ́n sì ka ìbò náà tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyàtọ̀ àárín ìyẹn àti Agodi ọdún 1962 ni pé wọ́n padà sínú ilé.

6.0 Àtẹ̀gùn Màpó

Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni a ti lè kọ́gbọ́n. Ìlà méjì ni ó ń gun orí oyè Olúbàdàn, ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun. Ìpele inú ìlà kọ̀ọ̀kan lé ní ogún. Bí ọba láti ìlà kan bá wàjà, ìlà kejì ni ó kàn. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn, kò sì sí ìdílé ọba kan tí ó lè sọ pé tòun nìkan ni. Dípò kí ìlà méjì máa pa ara wọn, a jẹ́ kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn. Ọba Lekan Balogun láti ìlà Ọ̀tún wàjà ní ọdún 2024, Ọba Owolabi Olakulehin láti ìlà Balógun ni ó jẹ tẹ̀ lé e. Nígbà tí òun náà wàjà ní ọdún 2025, ó padà kan ìlà Ọ̀tún. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ní Gbọ̀ngàn Màpó, a fi Rashidi Ladọja jẹ Olúbàdàn kẹrìnlélógójì.

Ẹni kan náà nìyí. Ní ọdún 2006 a yọ ọ́ nípò níbi tí a kò ti tẹ̀ lé òfin. Ní ọdún 2025 ó dé orí oyè níbi tí a ti tẹ̀ lé ìlànà, kò sì sí ẹni tí ó ju àga.

A kò sọ pé àtẹ̀gùn náà kò ní àbùkù. Kò sí ìbò ará ìlú nínú rẹ̀, Ìyálóde kò sì lè ti ibẹ̀ di Olúbàdàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ pàápàá dá a rú ní ọdún 2017 nígbà tí ó dé ènìyàn 21 ládé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀ràn náà sì dé ilé ẹjọ́. Ohun tí a ń tọ́ka sí kò ju pé àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tí ó dá lójú pé yóò kan òun lọ́la ni yóò ní sùúrù lónìí.

7.0 Ojúṣe Olùkọ́

Ọ̀pọ̀ ará ìlú a máa sọ pé ìjà àwọn olóṣèlú kò kan àwọn. Ìtàn tí a sọ yìí kò gbà fún wọn. Àwọn ọmọ ilé 66 ti ọdún 1962 àti àwọn 18 ti ọdún 2005, ará ìlú ni ó dìbò fún wọn. Ojúṣe ará ìlú kò parí ní ọjọ́ ìdìbò. Ó yẹ kí ó mọ orúkọ ẹni tí ó ń ṣojú rẹ̀, kí ó mọ iye ohùn tí òfin béèrè, kí ó sì bínú bí a bá rú òfin náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni ó jàǹfààní. Apá ìkẹyìn yìí ni ó ṣòro jù. Kò nira láti kígbe nígbà tí a rẹ́ wa jẹ. Ohun tí ó nira ni kí a sọ pé "Èyí kò tọ́" nígbà tí èrè náà jẹ́ tiwa.

A dábàá pé kí àwọn olùkọ́ wa fi ìṣẹ̀lẹ̀ Ìbàdàn kọ́ ẹ̀kọ́ ojúṣe ará ìlú, kí wọ́n má fi mọ sí orúkọ àwọn ààrẹ àti àwọ̀ àsíá. Kí olùkọ́ kọ 18 àti 32 sí ojú pátákó, kí ó ní kí àwọn ọmọ ṣírò ìdá méjì nínú mẹ́ta. Kí ó pín kíláàsì sí méjì, kí ìdajì jẹ́ ìjọba, kí ìdajì jẹ́ alátakò, kí wọ́n jiyàn lórí omi ẹ̀rọ tàbí ọ̀nà àdúgbò wọn. Nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n pààrọ̀ àyè. Ọmọ tí ó ti jókòó sí ìhà méjèèjì kò ní í rò pé ọ̀tá ni ẹni tí ó wà ní òdìkejì.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé líle alátakò kọ́ ni ó dá ìjọba dúró ní Ìbàdàn. Ìgbà Adélabú ni iyàn le jù, ilé sì dúró. Ilé wó ní ọdún 1962 àti ọdún 2006 nítorí pé àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò ka òfin rẹ̀ sí, láàárín ọmọ ẹgbẹ́ kan náà pàápàá.

Mo padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fa ìlà sí gbólóhùn rẹ̀ lábẹ́. A jọ tún un kọ. Ohun tí ó kọ sí ojú pátákó ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni pé, "Alátakò ni ẹni tí ó gba ọ̀nà mìíràn wá sí ọjà kan náà."